‘Ààbọ̀ Ẹ̀mí’ Tàbí ‘Ààbọ̀ṣẹ́kù’? Lórí Wíwọn Ìgbà Àwọn Ísótóòpù Ọlọ́jọ́ Pípẹ́

Ìbéèrè tí akẹ́kọ̀ọ́ kan bi wá ní kíláàsì ni ó bí àpilẹ̀kọ yìí. À ń kọ́ wọn nípa bí àwọn awalẹ̀pìtàn ṣe ń mọ ọjọ́ orí èédú àti eegun tí wọ́n bá hú jáde láti inú ilẹ̀. A ti ṣàlàyé fún wọn pé kábọ́ọ̀nù 14 ni wọ́n fi ń ṣe é, a sì ti kọ ọ́ sójú pátákó pé ‘ààbọ̀ ẹ̀mí’ kábọ́ọ̀nù 14 jẹ́ ọdún 5,730. Lẹ́yìn èyí ni a mẹ́nu ba Ihò Eléérú, ihò àpáta tí ó wà ní agbègbè Àkúrẹ́, èyí tí ọ̀pọ̀ ìwé ń kọ ní Iwo Eleru. Níbẹ̀ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Thurstan Shaw ti wa ilẹ̀ ní ọdún 1965, tí ó sì rí eegun ènìyàn kan. Èédú tí wọ́n rí nítòsí eegun náà fi hàn pé ó ti wà níbẹ̀ láti nǹkan bí ọdún 11,200 sẹ́yìn, ní ìṣirò kábọ́ọ̀nù.

Akẹ́kọ̀ọ́ náà na ọwọ́ sókè. Ó ní, ‘Ẹ jọ̀wọ́, sà, bí ààbọ̀ ẹ̀mí rẹ̀ bá jẹ́ ọdún 5,730, odindi ẹ̀mí rẹ̀ yóò jẹ́ ọdún 11,460. Ṣé ìgbà tí kábọ́ọ̀nù inú èédú náà ń kú lọ ni wọ́n bá a ni? Ká ní wọ́n tún pẹ́ díẹ̀ sí i ńkọ́, ṣé wọn kì bá tí rí nǹkan kan wọ̀n mọ́?’

Ìṣirò akẹ́kọ̀ọ́ yìí kò ní àbùkù kankan. Bí a bá sọ fún Yorùbá pé ààbọ̀ nǹkan jẹ́ márùn-ún, mẹ́wàá ni odindi rẹ̀ lójú ẹnikẹ́ni tí ó bá mọ òǹkà. Àṣìṣe náà kò sí lọ́wọ́ ẹni tí ó béèrè. Ọ̀rọ̀ tí àwa fi ọwọ́ ara wa kọ sójú pátákó ni ó ṣì í lọ́nà. Ní tòótọ́, bí ọdún 11,460 bá kọjá, ìdá kan nínú mẹ́rin kábọ́ọ̀nù 14 tí ó wà níbẹ̀rẹ̀ yóò ṣì wà níbẹ̀, bí ọdún 17,190 bá sì kọjá, ìdá kan nínú mẹ́jọ yóò ṣì wà.

Ohun tí a fẹ́ sọ nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé kò yẹ kí a tẹjú mọ́ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìkan nígbà tí a bá ń wá orúkọ fún irú nǹkan báyìí. Ó yẹ kí a wo ohun tí àwọn tí ń wọ̀n ọ́n ń ṣe gan-an nígbà tí wọ́n bá ń wọ̀n ọ́n. Àwọn ísótóòpù tí ọjọ́ wọn pẹ́ jù lọ ni wọ́n sì lè kọ́ wa ní èyí jù, nítorí pé lára wọn ni kò ti sí ẹni tí ó lè jókòó kí ó máa wo ‘ẹ̀mí’ kankan títí yóò fi dé ààbọ̀.

Ohun tí kì í darúgbó

Kí a kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ díẹ̀ lélẹ̀. Ní àárín átọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan ni kóró rẹ̀ wà, níbi tí àwọn prótọ́ọ̀nù àti àwọn niutírọ́ọ̀nù gbé kó ara wọn jọ. Iye prótọ́ọ̀nù ni ó ń fún ohun náà lórúkọ: mẹ́fà ni ti kábọ́ọ̀nù, mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni ti irin. Ṣùgbọ́n iye niutírọ́ọ̀nù lè yàtọ̀ láàárín àwọn tí ó ń jẹ́ orúkọ kan náà, bí ọmọ ìyá kan tí ara wọn kò wúwo bákan náà. Àwọn wọ̀nyí ni à ń pè ní ísótóòpù. Nọ́ńbà tí à ń kọ tẹ̀lé orúkọ ni àròpọ̀ prótọ́ọ̀nù àti niutírọ́ọ̀nù inú kóró náà. Àwọn ísótóòpù kan wà tí kóró wọn kò fìdí múlẹ̀. Wọn a máa ju ìtànṣán jáde, wọn a sì di nǹkan mìíràn. Atànṣán ni a ó máa pe irú wọn níhìn-ín.

Dídi nǹkan mìíràn yìí ni àwọn kan ń túmọ̀ sí ‘jíjẹrà’. A kò fara mọ́ ọn. Iṣu tí ó ń jẹrà a máa rọ̀ díẹ̀díẹ̀, a máa rùn, a sì máa ran èyí tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Átọ́ọ̀mù atànṣán kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó wà digbí títí di ìṣẹ́jú tí yóò yí padà, ìyípadà náà sì ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni lè sọ ṣáájú pé ó ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Èyí tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò gbọ́, kò sì mọ̀. ‘Ìparadà’ ni ọ̀rọ̀ tí a ó lò, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun náà ní ẹ̀hónú tirẹ̀, èyí tí a ó dé bá níwájú.

Olùkọ́ lè fi kọ́bọ̀ ṣe àpẹẹrẹ èyí ní kíláàsì. (Owó ẹyọ wà, ṣùgbọ́n ikùn àti ẹ̀yìn rẹ̀ kò bá ara wọn dọ́gba, nítorí náà kì í ṣubú síhìn-ín sọ́hùn-ún bákan náà. Kọ́bọ̀ tí a kò rí nǹkan fi rà mọ́ ti rí iṣẹ́ nìyẹn.) Kí ó da kọ́bọ̀ 64 sórí tábìlì, kí ó yọ gbogbo èyí tí ó bá dojú dé kúrò. Nǹkan bí 32 ni yóò ṣẹ́ kù. Kí ó kó wọn, kí ó tún dà wọ́n: nǹkan bí 16. Ó tún di 8, ó di 4. Kí ó wá mú ọ̀kan nínú mẹ́rin tí ó kù wọ̀nyí, kí ó bi àwọn ọmọ pé ṣé èyí ti gbó ju bí ó ti rí níbẹ̀rẹ̀ lọ, tí ó fi yẹ kí ó dojú dé kíákíá nígbà tí ó kàn. Kò gbó. Ìlàjì ni àǹfààní rẹ̀ nígbà àkọ́kọ́, ìlàjì náà ni títí di ìsinsìnyí. Átọ́ọ̀mù kì í darúgbó. Ohun tí kì í darúgbó kò ṣeé sọ pé ó ti lo ààbọ̀ ẹ̀mí rẹ̀.

Ernest Rutherford, nígbà tí ó wà ní Yunifásítì McGill ní ìlú Montreal, ni ó fi èyí hàn kedere ní ọdún 1900. Ó ń ṣiṣẹ́ lórí gáàsì kan tí ń ti ara tóríọ̀mù jáde, ó sì rí i pé bí nǹkan bí ìṣẹ́jú kan bá ti kọjá, agbára ìtànṣán rẹ̀ yóò ti dín sí ààbọ̀. Bí ìṣẹ́jú kan mìíràn bá tún kọjá, yóò tún dín sí ààbọ̀ ohun tí ó ṣẹ́ kù. Ẹ kíyè sí i pé ohun tí ó ṣẹ́ kù ni ọkùnrin yìí ń wò láti ìbẹ̀rẹ̀.

Kíkà méjì

Gáàsì Rutherford kò ni ènìyàn lára. Ẹni tí ó bá ní agogo lè dúró tì í. Ta ni yóò wá dúró ti yuréníọ̀mù 238, tí ìgbà tirẹ̀ tó ọdún bílíọ̀nù mẹ́rin àti ààbọ̀? Ibi yìí ni ọgbọ́n wà, ó sì rọrùn ju bí ènìyàn ti ń rò lọ.

Ẹ jẹ́ kí á ro ìlú kan tí ènìyàn 100,000 ń gbé, tí ẹnikẹ́ni kò wọ̀ ọ́ mọ́, tí a kò sì bímọ níbẹ̀ mọ́. Ẹni kan dúró ní ẹnu odi, ó ń ka àwọn tí ń kó jáde. Ní ọdún kan, ó ka 100. Ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún nìyẹn. Ẹni náà kò ní láti dúró di ìgbà tí ìlú yóò dahoro kí ó tó mọ ìgbà tí ènìyàn ibẹ̀ yóò ku ààbọ̀. Bí ìdá tí ń jáde bá jẹ́ ọ̀kan náà lọ́dọọdún, ọdún 693 ni. Kì í ṣe 500, nítorí pé bí àwọn ará ìlú ti ń dín kù ni àwọn tí ń jáde náà ń dín kù. Láti inú èyí ni a ti rí òfin tí gbogbo ilé ìwádìí ń lò: ka iye átọ́ọ̀mù tí ó wà, ka iye tí ń paradà lọ́dún, fi èkejì pín èkínní, kí o sì fi 0.693 sọ èsì rẹ̀ di púpọ̀.

Gíráàmù kan yuréníọ̀mù 238 ní átọ́ọ̀mù 2.53 × 10²¹ nínú. Yorùbá ní orúkọ fún mílíọ̀nù kan: àádọ́ta ọ̀kẹ́ ni. Ṣùgbọ́n láti pe iye átọ́ọ̀mù yìí, a ó ní láti sọ pé àádọ́ta ọ̀kẹ́ ní ọ̀nà àádọ́ta ọ̀kẹ́ ní ọ̀nà àádọ́ta ọ̀kẹ́, kí a tó wá fi 2,530 sọ gbogbo rẹ̀ di púpọ̀. Ọ̀rọ̀ òǹkà ńlá tún jẹ́ iṣẹ́ mìíràn tí ó ń dúró de ẹgbẹ́ wa. Nínú gíráàmù kan yìí, átọ́ọ̀mù 12,440 ni ó ń paradà ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Ní ọdún kan, èyí tó nǹkan bí bílíọ̀nù 393. Bí a bá fi èyí pín iye átọ́ọ̀mù, tí a sì fi 0.693 sọ èsì rẹ̀ di púpọ̀, ọdún bílíọ̀nù 4.46 ni a ó rí. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá mọ ìṣirò ìpín lè ṣe é sórí ìwé kan ṣoṣo.

Ní ọdún 1971 ni Jaffey àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ní ilé ìwádìí Argonne ní Amẹ́ríkà, tẹ ìwọ̀n tí gbogbo ayé fara mọ́ jáde: ọdún bílíọ̀nù 4.468, tí àṣìṣe rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún méjì lọ. Wọ́n ní láti tẹ́ yuréníọ̀mù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sórí àwo, nítorí pé ìtànṣán tí ó ń jù jáde kò lè la bébà kan já. Bí ó bá nípọn, èyí tí ó bá jáde nísàlẹ̀ yóò há sínú yuréníọ̀mù fúnra rẹ̀, aka-ìtànṣán kò sì ní rí i kà.

Ti kábọ́ọ̀nù 14 kò dẹrùn tó bẹ́ẹ̀. W. F. Libby, tí ó dá ọgbọ́n kábọ́ọ̀nù sílẹ̀ ní Yunifásítì Chicago lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, lo ọdún 5,568. Ní ọdún 1962, ní ìpàdé àwọn onímọ̀ ní Cambridge, wọ́n fara mọ́ ọn pé ọdún 5,730 ni ó súnmọ́ òtítọ́ jù. Síbẹ̀ wọ́n fohùn ṣọ̀kan pé kí gbogbo ilé ìwádìí máa bá a lọ láti fi 5,568 kéde ọjọ́ orí, kí àwọn èsì àtijọ́ àti ti tuntun lè bára wọn mu, kí a sì máa ṣe àtúnṣe lẹ́yìn náà. Àdéhùn yìí kò tíì yí padà. Àwọn olùkọ́ kì í sábà sọ èyí fún akẹ́kọ̀ọ́, ó sì ń da àwọn tí ó bá ka ìwé méjì lójú rú.

Ọdún 11,200 ti Ihò Eléérú, orí 5,568 ni a gbé e kà. Bí a bá sọ 5,568 di ìlọ́po méjì, 11,136 ni. Ìyẹn ni pé ohun tí wọ́n rí nínú èédú yẹn jẹ́ nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin kábọ́ọ̀nù 14 tí a máa ń rí nínú igi òde òní. Gíráàmù kan kábọ́ọ̀nù inú igi tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gé a máa ní ìparadà bí 13.6 ní ìṣẹ́jú kan. Ti Ihò Eléérú yóò jẹ́ nǹkan bí 3.4. Ó kéré, ṣùgbọ́n ó ṣeé kà. Bí wọ́n bá sì fi òrùka inú igi ṣe àtúnṣe ọdún kábọ́ọ̀nù yìí sí ọdún tí à ń kà lórí kàlẹ́ńdà, ó ń lé ní 13,000. A jẹ́ pé bí a bá tẹ̀lé ọ̀rọ̀ tí a kọ sójú pátákó, kábọ́ọ̀nù 14 tí ó mú kí a mọ ọjọ́ orí ọ̀kan nínú àwọn eegun ènìyàn tí ó lọ́jọ́ lórí jù lọ ní ilẹ̀ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ti yẹ kí ó kú tán kí ẹnikẹ́ni tó dé ibẹ̀.

Irin tí kò sí lọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ

Bí kíkà méjì yìí bá rọrùn láti sọ, kò rọrùn láti ṣe. Ìtàn irin 60 ni a fẹ́ fi ṣe ẹ̀rí.

Irin tí alágbẹ̀dẹ ń rọ, irin 56 ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Irin 60 ní niutírọ́ọ̀nù mẹ́rin ju ìyẹn lọ, ó sì jẹ́ atànṣán. Inú àwọn ìràwọ̀ ńlá ni ó ti ń wá, nígbà tí irú ìràwọ̀ bẹ́ẹ̀ bá sì bú gbàmù, a fọ́n ọn káàkiri òfuurufú. Èyí tí ó bá wà nínú ilẹ̀ ayé nígbà tí ayé ṣẹ̀ṣẹ̀ dì ti paradà láti ìgbà láéláé. Ẹni tí ó bá fẹ́ wọ̀n ọ́n ní láti kọ́kọ́ wá ọ̀nà tí yóò fi rí i.

Ní ọdún 1957 ni àwọn olùwádìí méjì, Roy àti Kohman, sọ pé ìgbà tí irin 60 fi ń ku ààbọ̀ tó nǹkan bí ọdún 300,000. Ní ọdún 1984, Kutschera àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ pé ọdún mílíọ̀nù 1.49 ni. Ìlọ́po márùn-ún ti àkọ́kọ́! Iye ti ọdún 1984 yìí ni gbogbo onímọ̀ ìràwọ̀ ń lò fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ní ọdún 2009 ni àwọn olùwádìí láti Munich ní Jámánì àti láti Paul Scherrer Institut ní Swítsáláńdì, tí Rugel ṣáájú wọn, kéde pé ọdún mílíọ̀nù 2.62 ni.

Ibo ni wọ́n ti rí irin náà? Ní Paul Scherrer Institut, ẹ̀rọ ńlá kan wà tí ń sáré prótọ́ọ̀nù, bàbà ni wọ́n sì fi ń dá prótọ́ọ̀nù náà dúró níbi tí ó bá parí sí. Bí prótọ́ọ̀nù ti ń lu bàbà náà fún ọdún púpọ̀, a máa fọ́ kóró átọ́ọ̀mù inú rẹ̀, díẹ̀ nínú àfọ́kù náà a sì di irin 60. Nínú bàbà tí wọ́n ti pa tì yìí ni àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì ti yọ irin tí wọ́n fẹ́. Átọ́ọ̀mù irin 60 tí wọ́n rí kó jọ jẹ́ 5.8 × 10¹⁵. Létí, iye yìí dún bí ohun ńlá. Lórí òṣùwọ̀n, kò tó ìdá kan nínú mílíọ̀nù ìdá gíráàmù kan.

Kíkà àkọ́kọ́, ti iye átọ́ọ̀mù, ni ó le jù. Wọ́n ń lo ẹ̀rọ òṣùwọ̀n átọ́ọ̀mù, èyí tí ń ju átọ́ọ̀mù kọjá níwájú òòfà: èyí tí ó fúyẹ́ a yà púpọ̀, èyí tí ó wúwo a yà díẹ̀, a ó sì mọ iye ti ọ̀kọ̀ọ̀kan níbi tí wọ́n bá balẹ̀ sí. Ṣùgbọ́n níkẹ́ẹ̀lì 60 wà, tí ìwọ̀n rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti irin 60 dọ́gba pátápátá, tí ó sì wọ́pọ̀ níbi gbogbo. Òòfà kò lè fi ìrọ̀rùn yà wọ́n sọ́tọ̀. Bí a kò bá fi kẹ́mísírì fọ níkẹ́ẹ̀lì náà kúrò, a ó kà á mọ́ irin, iye átọ́ọ̀mù yóò pọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ, ìgbà tí a ó rí yóò sì gùn ju òtítọ́ lọ. Bí a bá sì pàdánù irin díẹ̀ nínú fífọ̀ láìmọ̀, ìgbà náà yóò kúrú. Lójú tiwa, ibi tí ó yẹ kí òǹkàwé máa fura sí nìyí nígbàkígbà tí ó bá gbọ́ pé ìgbà ísótóòpù kan ti yí padà: kíka ìtànṣán kò ṣòro tó kíka ohun tí ó jókòó jẹ́ẹ́.

Kíkà kejì ní ọgbọ́n tí ó dùn mọ́ni. Ìtànṣán tí irin 60 fúnra rẹ̀ ń jù jáde kò lágbára. Ṣùgbọ́n bí ó bá paradà, kóbáàtì 60 ni ó ń dà, kóbáàtì yìí náà sì jẹ́ atànṣán, tí ìgbà tirẹ̀ kò ju ọdún 5.27 lọ, tí ìtànṣán rẹ̀ sì lágbára púpọ̀. Àwọn olùwádìí náà yọ gbogbo kóbáàtì kúrò nínú irin wọn, wọ́n gbé irin náà síwájú aka-ìtànṣán, wọ́n sì ń wò ó bí kóbáàtì tuntun ti ń pọ̀ sí i láti orí òfo, oṣù dé oṣù. Ìyá kì í jáde síta, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń ka ọmọ tí ń ti ilé rẹ̀ jáde yóò mọ iye ìgbà tí ó bí.

Bí ìgbà irin 60 bá jẹ́ ọdún mílíọ̀nù 2.62, ìparadà inú átọ́ọ̀mù 5.8 × 10¹⁵ yóò jẹ́ nǹkan bí 49 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ká ní mílíọ̀nù 1.49 ni, yóò jẹ́ nǹkan bí 85. Àlàfo yìí fẹ̀ ju ohun tí aka-ìtànṣán lè ṣì kà lọ. Anton Wallner àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún un wọ̀n ní ọdún 2015, wọ́n rí mílíọ̀nù 2.50; ní ọdún 2017, ní Yunifásítì Notre Dame ní Amẹ́ríkà, àwọn mìíràn rí mílíọ̀nù 2.72. Bí a bá ka ààlà àṣìṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ ọn, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bára wọn mu, ti ọdún 1984 sì dá dúró.

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ni èyí kàn wá. Ní ọdún 1999 àti 2004, àwọn olùwádìí ní Munich kéde pé àwọn rí irin 60 nínú èèpo òkúta tí ń dì díẹ̀díẹ̀ nísàlẹ̀ Òkun Pàsífíìkì. Irin yìí kò lè jẹ́ ti ayé. Ìràwọ̀ kan tí ó bú nítòsí ni ó fọ́n ọn sí wa lára, ní nǹkan bí ọdún mílíọ̀nù méjì sí mẹ́ta sẹ́yìn. Láti mọ bí ìràwọ̀ náà ti súnmọ́ wa tó, a ní láti mọ iye irin tí ó bọ́ sílẹ̀ nígbà náà, kì í ṣe iye tí ó kù lónìí. Ẹ jẹ́ kí á fi ọdún mílíọ̀nù 2.8 ṣe àpẹẹrẹ. Bí ìgbà irin 60 bá jẹ́ mílíọ̀nù 1.49, ohun tí ó kù jẹ́ ìdá 27 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí ó bá jẹ́ mílíọ̀nù 2.62, ìdá 48 ni. Ẹni tí ó lo iye àtijọ́ yóò sọ pé irin tí ó bọ́ sílẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́rin ohun tí òun rí. Ẹni tí ó lo iye tuntun yóò sọ pé ó lé díẹ̀ ní ìlọ́po méjì. Ìràwọ̀ náà kò yí ipò padà, òkúta náà kò kúrò nísàlẹ̀ òkun.

Ti samáríọ̀mù 146 tilẹ̀ tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ, bí a kò tilẹ̀ ní pẹ́ lórí rẹ̀. Òun ni wọ́n fi ń mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nígbà tí ayé, òṣùpá àti àwọn ará wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dì. Ọdún mílíọ̀nù 103 ni wọ́n ń lò fún un. Ní ọdún 2012, ìwé kan jáde tí ó sọ pé mílíọ̀nù 68 ni, àwọn kan sì bẹ̀rẹ̀ sí tún ìtàn ìbẹ̀rẹ̀ ayé kọ lórí rẹ̀. Ní ọdún 2023, wọ́n fa ìwé náà sẹ́yìn. Ní ọdún 2024, ìwọ̀n tuntun jáde: mílíọ̀nù 92, ó lé tàbí ó dín 2.6.

Ọ̀rọ̀ wo ni ó yẹ?

Nínú gbogbo ohun tí a ti kà yìí, a kò rí ibi kan tí ẹnikẹ́ni ti wọn ẹ̀mí. Ohun tí ó ṣẹ́ kù ni wọ́n ń kà, àti ohun tí ń lọ. Ìdí nìyí tí a fi dábàá ‘ìgbà ààbọ̀ṣẹ́kù’: ìgbà tí ó gbà kí ohun kan tó ṣẹ́ ku ààbọ̀ ohun tí ó jẹ́. A ti dán an wò ní kíláàsì. ‘Ìgbà ààbọ̀ṣẹ́kù kábọ́ọ̀nù 14 jẹ́ ọdún 5,730.’ Lẹ́yìn ìgbà ààbọ̀ṣẹ́kù méjì ńkọ́? Wọ́n dáhùn láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì pé ààbọ̀ ti ààbọ̀ ni yóò ṣẹ́ kù. Ọ̀rọ̀ náà ti bá olùkọ́ ṣe ìdajì iṣẹ́ rẹ̀.

Àwọn ògbufọ̀ kan ti sọ fún wa pé ‘ìgbà ìdajì’ kúrú jù ú lọ. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ìwé ìròyìn wa ti ń fi àmì ohùn sílẹ̀: bí àmì bá ti ṣí, ‘ìdajì’ àti ‘ìdájí’ di ọ̀kan náà, òǹkàwé yóò sì máa rò pé òwúrọ̀ kùtù ni a ń bá òun sọ. Ní ti ‘ìdajì ọjọ́ ayé’ àti ‘ìlàjì ìgbésí ayé’, àrùn ‘ààbọ̀ ẹ̀mí’ náà ni ó ń ṣe wọ́n.

Ìdí kan tún wà tí ó wúwo ju ti akẹ́kọ̀ọ́ lọ. Àwọn onímọ̀ fíṣíìsì ní òṣùwọ̀n mìíràn, tí í ṣe ìpíndọ́gba ọjọ́ orí átọ́ọ̀mù: bí a bá ro iye ọdún tí átọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan lò kí ó tó paradà pọ̀, tí a sì fi iye wọn pín in. Níbí ni ọ̀rọ̀ ‘ọjọ́ orí’ tàbí ‘ẹ̀mí’ ti tọ́ sí i ní tòótọ́. Ti yuréníọ̀mù 238 jẹ́ nǹkan bí ọdún bílíọ̀nù 6.45. Ààbọ̀ èyí jẹ́ bílíọ̀nù 3.22, kì í ṣe 4.468. Nítorí náà, ohun tí a ń pè ní ‘ààbọ̀ ẹ̀mí’ kì í ṣe ààbọ̀ ẹ̀mí kankan, ibi yòówù kí a ti gbà wò ó, bí a bá sì ti ná ọ̀rọ̀ náà sí ibi tí kò yẹ, a kò ní rí òmíràn ná níbi tí ó yẹ.

Àwọn tí ń túmọ̀ ìwé fún ilé ìwòsàn ni ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí ká lára jù. A máa ń fún aláìsàn ní áyódìn 131 fún ìtọ́jú àwọn àrùn kan tí ń bá ẹ̀yà ara tí gẹ̀gẹ̀ ti ń yọ ní ọrùn jà. Ọjọ́ mẹ́jọ ni ìgbà ààbọ̀ṣẹ́kù rẹ̀. Ìyá tí a kọ ‘ààbọ̀ ẹ̀mí’ fún nínú ìwé ìtọ́ni yóò ka ọjọ́ mẹ́rìndínlógún, yóò sì gbà pé ó ti tán pátápátá, tí òun sì lè gbé ọmọ òun mọ́ra bí ó ti wù ú. Lóòótọ́, ara a máa tọ̀ púpọ̀ nínú rẹ̀ dànù, dókítà ni yóò sì sọ ọjọ́ tí ó yẹ. Ṣùgbọ́n bí a bá ní kí á wo áyódìn nìkan, ìdá kan nínú mẹ́rin ni ó ṣì kù ní ọjọ́ yẹn. Èmi tí mò ń kọ èyí ti fi ọwọ́ ara mi kọ ‘ààbọ̀ ẹ̀mí’ sínú irú ìtumọ̀ bẹ́ẹ̀ rí, ẹlòmíràn ni ó sì bá mi rí i kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́.

Ó ku ‘ìparadà’. Ẹlẹgbẹ́ wa kan tí ó mọ ìtàn àtẹnudẹ́nu dáadáa sọ pé ọ̀rọ̀ náà kò tẹ́ òun lọ́rùn. Ó ní nínú àwọn ìtàn wa, ẹranko tí ó paradà di ènìyàn a máa tún bọ̀ sípò ẹranko nígbà tí ó bá gbé awọ rẹ̀ wọ̀, ṣùgbọ́n kóbáàtì kì í padà di irin. A kò rí èsì fọ̀ fún un. ‘Ìyídà’ ni òun dábàá, ṣùgbọ́n ó dún létí wa bí ohun tí ènìyàn mọ̀ọ́mọ̀ ṣe, átọ́ọ̀mù kò sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe nǹkan kan. Bí ẹnikẹ́ni nínú àwọn òǹkàwé wa bá ní ọ̀rọ̀ tí ó sàn ju méjèèjì lọ, pàápàá àwọn tí ń kọ́ni ní sáyẹ́ǹsì ní ilé ẹ̀kọ́ girama, kí ó fi ránṣẹ́ pẹ̀lú gbólóhùn mẹ́ta tí ó ti lò ó.